Àga ìrọ̀gbọ̀kú mẹ́ta fún pálọ̀ kékeré: ìwọ̀n, owó àti ibi tó ti kọ́kọ́ kọ̀

Pálọ̀ wa ò ju fíìtì 10 ní fíìtì 11 lọ. Mini flat ni, Ìbàdàn níbí, ilẹ̀kùn àbáwọlé wà ní igun kan, ti kíṣìnì wà ní igun tó kọjú sí i, torí náà àárín pálọ̀ gan-an lọ̀nà gbà kọjá, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ dí i. Àga tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni three-seater onílẹ́dà kan tí awọ ẹ̀ ti ń bó, tẹ́ ẹ bá wọ aṣọ funfun jókòó lé e, ẹ máa kó èépá dúdú dìde. Ohun tí mò ń wá ò le: ìjókòó fún èèyàn 5, kí ìyá mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu lè dìde níbẹ̀ láìjẹ́ pé a ń fà wọ́n, kí gbogbo owó ẹ̀ má sì kọjá 300,000 náírà. Àwọn tó ń bi mí bí mo ṣe ṣe é pọ̀, ó sì ti sú mi láti máa sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ gbà á báyìí.

1. Téèpù kọ́kọ́, ọjà tẹ̀lé e

Kí n tó lọ wo àga kankan mo wọn ilẹ̀, mo wọn ilẹ̀kùn. Férémù ilẹ̀kùn wa ínṣì 30 ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i tán, tẹ́ ẹ yọ bí ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ ṣe nípọn àti hínjì kúrò, ínṣì 28 ló kù. 28 yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sọ́wọ́ lọ sọ́jà. Àga tó bá fẹ̀ jù ú lọ, tí kò ṣe é dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì ṣe é tú, ìta ló máa sùn.

Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì ya àga sórí ilẹ̀. Three-seater tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì máa ń gùn tó fíìtì 7, ó sì lè tó ínṣì 36 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ká ní ẹ gbé e ti ògiri kan, ẹ gbé two-seater kọjú sí i, ínṣì 72 ti lọ nínú 120, ó ku 48. Ẹ tún gbé center table oní-ínṣì 24 sáàárín, ínṣì 12 ló kù lápá ọ̀tún, 12 lápá òsì, ẹsẹ̀ àgbàlagbà ò gbabẹ̀ kọjá àfi tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi dúró sáàárín ṣọ́ọ̀kì yẹn, ó ní "Bàbá Tèmi, ṣé ibi tá a ó máa gbé nìyí àbí ibi tá a ó máa kó ẹrù sí?" Bí ọ̀rọ̀ seven-seater, ìyẹn sẹ́ẹ̀tì àga èèyàn méje, ṣe tán nìyẹn.

Ohun tó ń jẹ àyè lára àwọn àga ńlá yẹn kì í ṣe ibi tá à ń jókòó sí o, apá ẹ̀ ni. Apá onífóòmù kan lè fẹ̀ tó ínṣì 8 sí 10, tó bá di méjì, ẹnì kan lè jókòó sínú àyè tí apá gbà. Tó bá jẹ́ pé igi lásán ni apá, ínṣì 2 ààbọ̀ ti tó. Ìdí tí mo fi padà sídìí àga àtijọ́ nìyẹn, èyí tó jẹ́ pé igi ni gbogbo ara ẹ̀, tí tìmùtìmù kàn dùbúlẹ̀ lé e, ti ìjókòó lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ẹ ti rí i rí nílé àwọn bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba. Láyé òyìnbó amúnisìn, PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde, ló máa ń kó irú ẹ̀ sí kọ́tàsì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn káfíńtà wa náà sì ń kàn án títí dòní. Ọ̀kan ṣì wà nílé ẹbí ìyàwó mi, fóòmù ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

2. Mo kọ́kọ́ wo ti ọjà ná

Mi ò fẹ́ kan nǹkan tí mo lè rà, torí náà mo kọ́kọ́ yí àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ká. Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń yẹ àga wò.

Èkíní, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè bí ínṣì 6. Tí ẹsẹ̀ iwájú kejì bá ti kúrò nílẹ̀, férémù ẹ̀ le. Tó bá ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀, igi ẹ̀ ń yí, ó máa tó máa dún. Èkejì, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa wà nísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn tí mo tẹ̀, mo bá páálí, mo bá àpò ìrẹsì, mo bá igi tí èèpo ṣì wà lára ẹ̀. Ẹni tó ní ọjà kan gba àga ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí mo fẹ́ tú u. Ẹ̀kẹta, ẹ jókòó kó pẹ́. Ìṣẹ́jú kan ò lè sọ nǹkan kan fún yín, gbogbo àga ló dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15 lẹ máa mọ̀ bóyá etí àga ń gé yín lábẹ́ itan tàbí ìdí yín ti kan igi.

Tòkunbọ̀ náà wà, férémù ẹ̀ sì máa ń le ju tibí lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìdun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú rírán ẹ̀ àti abẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú tó-tò-tó, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwọn tí ara ẹ̀ mọ́ tí mo rí fẹ̀ ju ínṣì 28 mi lọ.

Bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ nìyẹn. Àgbà ni wọ́n, Bàbá Onígi ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo fi ìwọ̀n hàn wọ́n, àga ẹlẹ́nì kan mẹ́ta àti àpótí ìjókòó méjì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Ọmọ mi, àga tíṣà lo fẹ́." Mo ní ẹ ṣeun sà, òun gan-an ni.

3. Igi

Ọjà pákó Bódìjà la ti rà á. Bàbá Onígi bá mi lọ torí pé àwọn tó ń ta igi mọ ojú ẹni tí kò mọ igi. Ìrókò àti apá ti wọ́n jù fún owó mi. Ọ̀gànwó, ìyẹn mọ̀hógánì, dára àmọ́ òun náà ga. Arère ló pọ́ọ́kú jù, ó fúyẹ́, ó sì rọ̀, ìṣó kì í pẹ́ mì nínú ẹ̀, fún ẹsẹ̀ àga mi ò gbà á. Àfàrà la mú. Kò wúwo, ó rọrùn láti fági, fáníìṣì sì máa ń jókòó dáadáa lára ẹ̀, àléébù ẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀.

Gbígbẹ ló ṣe pàtàkì ju orúkọ igi lọ. Pákó tútù máa lọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kàn án tán, oríkèé á sì ṣí. Bàbá máa ń gbé pákó méjì tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá wúwo jù wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá tutù, wọn ò ní mú un. Wọ́n á sì fi ojú kan wo gígùn ẹ̀ láti ìdí dé orí bóyá ó ti tẹ̀.

A ra 2 by 3 gígùn fíìtì 12, méje, àti 1 by 12 méjì fún apá, ọ̀pá ẹ̀yìn àti orí àpótí. A gbé e gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fági kọjá kó tó délé, torí pé tí ẹ bá ní kí káfíńtà fi ọwọ́ fági gbogbo ẹ̀, owó iṣẹ́ yín máa lọ sókè, inú ẹ̀ ò sì ní dùn.

4. Férémù

Ká tó gé àfàrà kankan, a fi pákó jákujàku tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan àga kan lásán, ìṣó la fi so ó, ká lè jókòó lé e ká wo ìwọ̀n. Ẹ má fo èyí. Ẹ̀yìn tí Bàbá kọ́kọ́ ṣe dúró ṣánṣán bí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ọrùn ti ń ro èèyàn. A tú ẹ̀yìn yẹn, a ń tì í sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, mo jókòó, ìyàwó mi jókòó, ọmọ iṣẹ́ wọn náà jókòó. Ibi tí gbogbo wa ti dákẹ́ ni ibi tó ti jẹ́ pé tó bá ga ínṣì 20, ó fà sẹ́yìn ínṣì 5.

Ìwọ̀n tá a wá lò rèé, ẹ kọ ọ́:

Fífẹ̀ láàárín apá méjèèjì, ínṣì 22. Ti ìta sí ìta, 27, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn mi wọlé, ínṣì kan ló sì kù.
Ọ̀pá ìjókòó ti iwájú, ínṣì 14 sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn, 12. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ínṣì 2 yẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn máa yọ̀ bọ̀ síwájú.
Fóòmù ínṣì 5 máa wá sórí ẹ̀, ó di 19, tí èèyàn bá jókòó ó máa wọlẹ̀ tó ínṣì 2, ó ku 17. 17 yẹn lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń tẹlẹ̀ dáadáa.
Jíjìn ìjókòó lẹ́yìn tí tìmùtìmù ẹ̀yìn bá ti wà níbẹ̀, 21.
Apá, ínṣì 25 sílẹ̀.
Àpapọ̀ jíjìn àga láti iwájú dé ẹ̀yìn, 30.

Ti ìyá mi yàtọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, àga tó wọlẹ̀ tó sì jìn ló ń pa á lára, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ọ̀pá iwájú ti wọn ga ínṣì 16, ti ẹ̀yìn 15, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀ ò pọ̀. Jíjìn ẹ̀ ò ju 18 lọ, a fi fóòmù ẹ̀yìn tó nípọn dí ìyókù. Apá ẹ̀ ga tó 27, a sì jẹ́ kó gùn dé etí iwájú àga gan-an, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Tí apá bá kúrú, ọwọ́ wọn á wà lẹ́yìn, agbára ò ní sí nínú ẹ̀.

Ti oríkèé: ibi tí ọ̀pá ìjókòó ti pàdé ẹsẹ̀, mo ní kí Bàbá gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, kí wọ́n dín etí ọ̀pá kù kó wọ inú ihò náà, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi ìṣó lù ú mọ́ ọn. Wọ́n béèrè owó díẹ̀ sí i, mo san án. Gọ́ọ̀mù Top Bond la fi sínú ihò. Kò sí klámùpù ní ṣọ́ọ̀bù, okùn ni wọ́n so yí férémù ká, wọ́n ti igi kékeré bọ àárín okùn, wọ́n ń lọ́ ọ títí tí gọ́ọ̀mù fi ń tú jáde lójú oríkèé, wọ́n fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi téèpù wọn ìjókòó láti igun dé igun, ẹ tún wọn igun kejì, méjèèjì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba. Ọ̀kan nínú tiwa fi nǹkan bí ìdajì ínṣì yàtọ̀, a ti igun tó gùn jù títí tó fi bọ́ sípò. Tó bá gbẹ láìdọ́gba, àga á máa mì títí ayé ẹ̀.

Solignum la fi kun ìdí ẹsẹ̀ àti gbogbo ibi tí ojú ò tó, nítorí kòkòrò àti ikán. Òórùn ẹ̀ le, ìta ni kẹ́ ẹ ti kùn ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó wọlé. Apá tí ọwọ́ ń kàn, sándípépà àti fáníìṣì nìkan.

5. Ohun tó gbé fóòmù

Ibí yìí ló ti kọ̀ fún wa. Láti dín owó kù, plywood la kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ fóòmù. Ó rí bíi pé ó dáa, àmọ́ fóòmù ò ríbi sá sí, tí èèyàn bá jókòó pẹ́ ó ń kan igi, ooru ò sì ríbi jáde, ìdí ń làágùn. A tú u. Àwọn kan máa ń gé tíúbù táyà sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án síbẹ̀, owó ẹ̀ kéré, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ Bàbá ní ó máa ń gbẹ ó sì máa ń já, tá a bá máa tún àga ṣe lọ́dọọdún kí ni èrè ẹ̀. A wá ra webbing, okùn pẹlẹbẹ tó ń fà bíi rọ́bà, tó fẹ̀ ínṣì 2. A na ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, a fi àyè ínṣì 2 sílẹ̀, a na ìkejì, títí ó fi parí, ká tó wá hun ti òsì sí ọ̀tún wọ inú ẹ̀. Ẹ fà á kó le, àmọ́ kì í ṣe débi tí kò ní lè fà mọ́. Ìṣó kan ò tó fún orí webbing, ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀ po kẹ́ ẹ tó kàn án.

6. Fóòmù

Owó àga wà nínú fóòmù, ẹ má fi owó ibí yìí ra fáníìṣì. Fóòmù tó rọ̀ lọ́jà tí ìka yín wọlé ṣẹ̀rẹ̀, ọdún kan ò ní pé kó tó di bébà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ ẹrù ọkọ̀ òfúrufú ni mo mú dání. Fóòmù student, fíìtì 6 ní 2 ààbọ̀, ínṣì 4 ní nínípọn, tó bá jẹ́ high density gidi ó yẹ kó wọn kílò 4 sókè. Èyí tí ò le máa ń wà ní kílò 2 ààbọ̀ síbẹ̀. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lè parọ́, òṣùwọ̀n kì í parọ́. Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá òun náà ní kí n jẹ́ kóun fi wọn àwọn tó kù.

Fóòmù student kan ló tó fún ìjókòó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gígùn ẹ̀ ínṣì 72 ni, ẹ gé e sí mẹ́ta, 24 kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ ẹ̀ 30 ni, 22 lẹ nílò, ó ṣẹ́ ínṣì 8 kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má jù ú nù. Ẹ gé e sí ínṣì 16 mẹ́rin, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ méjì méjì pọ̀, ó di 16 ní 16, orí àpótí méjì nìyẹn. Ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín ló gé e jù, mo ti lo bíléèdì, ńṣe ló ń fà á ya. Fóòmù ínṣì 1 tó rọ̀ ló wà lórí èyí tó le, kí ara kọ́kọ́ kan nǹkan tó rọ̀ ká tó bá agbára nísàlẹ̀. Ti ẹ̀yìn, ínṣì 3 tí kò le púpọ̀.

7. Aṣọ

Mi ò tún fẹ́ gbọ́ lẹ́dà. Lẹ́dà àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà fún àga, ooru àti ààgùn wa níbí ló ń bó o, ẹ tiẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tí NEPA bá mú iná lọ. Àrán rẹwà, ìyàwó mi fẹ́ ẹ, àmọ́ ó ń gba eruku, ó sì ń gbóná. A lọ sí Gbági, a ra aṣọ àga tó ki, tí owú pọ̀ nínú ẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀, kó má tètè dọ̀tí lójú. Yáàdì 8 ló lọ.

Ẹ sọ fún télọ̀ kó gé e kéré ju fóòmù lọ ní ìdajì ínṣì yíká, kó lè fún. Síìpù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kó sì gùn dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí fífọ̀. Tí fóòmù bá kọ̀ tí ò wọlé, ẹ fi náílọ́ọ̀nù ńlá wé e, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ó máa yọ̀ wọlé, kẹ́ ẹ wá fa náílọ́ọ̀nù yẹn jáde.

8. Owó

Iye tí mo rà á nìyí, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí, ó lè ti yí.

Igi: 42,500
Ẹ̀rọ ìfági: 6,000
Solignum: 5,000
Top Bond, ìṣó, sándípépà, fáníìṣì: 14,000
Webbing: 12,000
Fóòmù student: 42,000
Fóòmù ínṣì 1: 9,000
Fóòmù ẹ̀yìn: 27,000
Aṣọ: 36,000
Síìpù àti òwú: 4,000
Télọ̀: 12,000
Bàbá Onígi (15,000 lórí àga kan, 7,500 lórí àpótí kan): 60,000
Ọkọ̀: 8,000

Gbogbo ẹ̀ 277,500. Plywood tá a tú kò sí níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù ni, ó padà síbi tó ti wá. Seven-seater tó pọ́ọ́kú jù nínú èyí tí mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, 450,000 ni wọ́n pè é, èyí tó ní páálí nínú sì ni.

9. Bí pálọ̀ ṣe wá rí

Àga méjì ti ògiri gígùn, 27 àti 27, tábìlì tóóró ínṣì 12 wà láàárín wọn fún ife omi àti ṣájà. Ti ìyá mi wà lẹ́bàá fèrèsé. Àga ò yọ ju ínṣì 30 lọ lára ògiri, ínṣì 90 ló ṣófo níwájú ẹ̀, ọmọ ń fò níbẹ̀. Center table ò sí. Àpótí méjèèjì (ẹsẹ̀ ẹ̀ 12, pákó 1, fóòmù 4, ó jẹ́ 17) wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tá a gbé kọ́ ògiri, tí àlejò bá dé a fà wọ́n jáde, tí kò bá sálejò ẹsẹ̀ ni mò ń gbé lé e. Èèyàn 5 jókòó láìfara kanra.

Ìyá mi jókòó, wọ́n fọwọ́ méjèèjì tẹ apá àga, wọ́n dìde. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde. Wọ́n ní kí ni mo fi àga kan ṣoṣo ṣe, ti ilé àwọn ní Ìjẹ̀bú náà ńkọ́. Mo ti fún Bàbá Onígi ní owó igi ẹ̀.

10. Nígbà tí ọyẹ́ dé

Ọyẹ́ gbẹ igi sí i, àga kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́ ní oríkèé ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kékeré kan, wọ́n fi Top Bond pa á, wọ́n gbá a wọ inú àlàfo yẹn, wọ́n gé èyí tó yọ jáde dànù, wọ́n so okùn sí i dọjọ́ kejì. Kò dún mọ́. Wọn ò gba owó, búrẹ́dì àti Bournvita ni wọ́n ní kí n rà fún ọmọ iṣẹ́. Webbing ò tíì rọ̀. Fóòmù ìjókòó tèmi ti wọlẹ̀ díẹ̀ níwájú, níbi tí mo máa ń jókòó sí jù, mò ń yí i padà, iwájú sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ sókè, nígbàkígbà tá a bá yọ aṣọ ẹ̀ fọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sanra ju èmi lọ, ẹ ra fóòmù ínṣì 5 tó le dípò 4, kẹ́ ẹ sì dín gíga ọ̀pá iwájú kù sí 13.